Omi, ọkà báálì àti adé: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa Sumer àti Akkad

Àbúrò mi kan tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní tíṣà wọn sọ pé létí odò ni ọ̀làjú ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú nóòtù, ó tiẹ̀ yege nínú ìdánwò, àmọ́ títí dòní kò yé e ohun tí odò ṣe fún èèyàn tí ìlú fi yọ jáde. Látìgbà yẹn ni mo ti ń kó ìbéèrè jọ, tiẹ̀ àti tàwọn ẹlòmíì, mo wá dáhùn wọn síbí bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu. Sumer ni mo mú torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì làwọn èèyàn ti fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sílẹ̀ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ṣáájú ìbí Jésù ni gbogbo ọdún tí ẹ máa rí níbí, àfi ibi tí mo bá ti sọ pé ayé òde òní ni, torí náà nọ́ńbà á máa dínkù bí ìtàn bá ṣe ń lọ síwájú.

Ibo gan-an là ń sọ yìí?

Gúúsù Ìráàkì ni. Odò méjì ló wà níbẹ̀, Tigris àti Euphrates, orí òkè ní Tọ́kì ni wọ́n ti ń ṣàn bọ̀ títí wọ́n fi dé Òkun Persia. Àwọn Gíríìkì ló wá pe ilẹ̀ yẹn ní Mesopotamia, ilẹ̀ àárín odò. Apá ìsàlẹ̀ pátápátá ni Sumer, apá òkè rẹ̀ níbi tí Baghdad wà lónìí ni Akkad. Ẹni tó bá ti ka Bíbélì Yorùbá ti pàdé àwọn ìlú yìí láìmọ̀: nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 10, níbi tí wọ́n ti ń ka ìlú Nímúródù, Ereki tí wọ́n dárúkọ yẹn ni Uruk, Akkadi ni Akkad, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé Uri tí Ábúráhámù ti jáde ni Ur tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ni ìlú ńlá ti kọ́kọ́ yọ? Ṣé torí ilẹ̀ wọn lọ́ràá ni?

Ó lọ́ràá lóòótọ́, ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá ló jẹ́ kó lọ́ràá, àmọ́ ibẹ̀ nira gan-an fún àgbẹ̀. Òjò ò tó 200 mìlímítà lọ́dún ní gúúsù yẹn, ẹni tó bá fi ọkà rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò nìkan, gbígbẹ ló máa gbẹ. Odò náà tún máa ń kún nígbà tí kò yẹ kó kún. Yìnyín orí òkè á yọ́, omi á ya dé ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkà báálì ti gbó tí wọ́n ń múra àtikórè. Ti Íjíbítì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ìkórè ni Náílì máa ń kún, á ti fà kí wọ́n tó gbin òmíì. Àgbẹ̀ Sumer ní láti mọ ebè ńlá sétí odò kí omi má bàa gbé iṣẹ́ ọdún kan lọ, kó gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ láti fa omi wọ oko nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹrẹ̀ á tún dí odò àfọwọ́gbẹ́ yẹn, wọ́n á tún kó o, ọdọọdún ni, kò sí ìsinmi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí, torí òun ni mo rò pé tíṣà àbúrò mi fò. Iṣẹ́ orí odò ló dá ìlú sílẹ̀, odò fúnra rẹ̀ ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Ẹnì kan ò lè dá gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ tó gùn ní máìlì mélòó kan, ìdílé mẹ́wàá ò lè gbẹ́ ẹ. Ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá sì ń gbẹ́lẹ̀ látàárọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, oúnjẹ yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú àká látọdún tó kọjá, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wá síṣẹ́ àti ẹni tí kò wá, ẹni tó ti gba tiẹ̀ àti ẹni tí kò tíì gbà. Ẹni tó ń mójú tó àká yẹn ti di alágbára kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé adé.

Nǹkan kejì ni pé wọn ò ní òkúta, wọn ò ní igi gidi, wọn ò ní bàbà. Amọ̀, ìféefé, ọ̀pẹ déètì àti ẹja ni wọ́n ní. Ẹ rántí ilé ìṣọ́ Bábẹ́lì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 11, bíríkì ni wọ́n lò dípò òkúta, ọ̀dà ilẹ̀ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ́lé níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbogbo ohun tí wọn ò ní, àfi kí wọ́n fi ọkà àti aṣọ onírun àgùntàn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Igi kédárì ń ti apá Lẹ́bánónì wá, bàbà ń ti ilẹ̀ Oman wá, òkúta búlúù tí wọ́n ń pè ní lapis lazuli ń ti Afghanistan wá. Ìlú tí kò bá ní ètò ò lè rán èèyàn lọ sí irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Ìlú wo ló kọ́kọ́ wà?

Àwọn ará Sumer fúnra wọn sọ pé Eridu ni, wọ́n ní ibẹ̀ ni ipò ọba kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí láti ọ̀run. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n bá tẹ́ńpìlì lórí tẹ́ńpìlì, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò ju yàrá kékeré kan lọ, wọ́n ń kọ́ èyí tó tóbi sórí èyí tó kéré fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìlú tí èèyàn lè wò kó sọ pé "ìlú ńlá rèé", Uruk ni.

Báwo ni Uruk ṣe tóbi tó?

Ní nǹkan bí 2900, ilẹ̀ tó wà nínú ìlú ti tó 550 sí 600 hẹ́kítà, ògiri tó yí i ká sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ààbọ̀. Iye tí àwọn onímọ̀ ń fojú bù fún àwọn èèyàn inú ẹ̀ jẹ́ láti 40,000 sí 80,000. Kò sí ibòmíì láyé nígbà yẹn tí a mọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àárín ìlú ni tẹ́ńpìlì Inanna, òrìṣà ìlú náà, wà, ibi tí wọ́n ń pè ní Eanna.

Àmọ́ nǹkan tó máa ń mú mi lọ́kàn jù ní Uruk ni abọ́ kan tí kò lẹ́wà rárá. Abọ́ amọ̀ ni, ó nípọn, ètí rẹ̀ dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e dagun, àmì ìka tàbí ìkúùkù ẹni tó mọ ọ́n ṣì máa ń wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kùn ún, kò sẹ́ni tó ya nǹkan kan sí i lára. Ọ̀kẹ́ àìmọye irú rẹ̀ ni wọ́n ti wú jáde, ní Uruk, ní Síríà, títí dé Ìráànì, àwọn tó pọ̀ jù lára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ìpín oúnjẹ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n sínú ẹ̀, àwọn kan sì gbà pé búrẹ́dì ni wọ́n ń fi í ṣe. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹun láti àká kan náà. Nígbà tí ìwé kíkọ wá dé, àmì tí wọ́n fi ń kọ "jẹun" ni orí èèyàn tí irú abọ́ yẹn wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ fún wa. Òṣìṣẹ́ kan tẹ ìkúùkù bọ amọ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú òmíì, kò mọ̀ pé abọ́ òun máa di lẹ́tà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ibẹ̀ ni ìwé kíkọ ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ la ti rí èyí tó lọ́jọ́ lórí jù lọ, ní nǹkan bí 3300 sí 3100, Íjíbítì náà sì wà lẹ́yìn wọn pẹ́kípẹ́kí. Kò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan amọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń ka ẹrù, èyí fún àgùntàn, èyí fún ọkà, wọ́n á kó o sínú bọ́ọ̀lù amọ̀, wọ́n á dí i, wọ́n á fi èdìdì lù ú. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé táwọn bá ti ya iye rẹ̀ sára amọ̀ lóde, kò sídìí láti máa kó nǹkan sínú mọ́. Ibi tí wàláà amọ̀ ti wá nìyẹn.

Tó bá jẹ́ àdúrà tàbí oríkì ọba lẹ ń retí, kò sí níbẹ̀. Ìṣirò ló pọ̀ jù: ọkà mélòó, ọtí ìkòkò mélòó, àgùntàn mélòó, òṣìṣẹ́ mélòó. Èyí tó kù jẹ́ àwọn ìwé tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Wàláà kan wà tó sọ nípa 29,086 òṣùwọ̀n ọkà báálì láàárín oṣù 37, wọ́n wá kọ "Kushim" sí i. Ó lè jẹ́ orúkọ èèyàn, ó lè jẹ́ orúkọ oyè, àmọ́ tó bá jẹ́ èèyàn, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn kọ́kọ́ wọ inú ìwé láyé ni, akọ̀wé àká sì ni.

Bí wọ́n ṣe ń kà tún yẹ ká sọ ọ́. Àwa Yorùbá ń fi ogún ka nǹkan, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, gbogbo rẹ̀ ogún lọ́nà báyìí báyìí ni. Tiwọn, ọgọ́ta ni. Tẹ́ ẹ bá bi ara yín ìdí tí ìṣẹ́jú 60 fi wà nínú wákàtí kan, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìlú olómìnira? Ṣé wọn ò ní ọba kan ṣoṣo ni?

Wọn ò ní. Láti nǹkan bí 2900 sí 2350, ìlú kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú oko àti abúlé tó yí i ká: Uruk, Ur, Kish, Lagash, Umma, Adab, Shuruppak àti àwọn míì. Òrìṣà ló ni ìlú. Nanna, òṣùpá, ló ni Ur, Ningirsu ni ti Lagash, Inanna ni ti Uruk. Ìdí nìyẹn tí àwọn alákòóso kan fi ń pe ara wọn ní ensi, ìyẹn ẹni tó ń bá òrìṣà mójú tó ilẹ̀ rẹ̀. Oyè kejì ni lugal, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni "ẹni ńlá", òun la máa ń túmọ̀ sí ọba. Nippur nìkan ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, torí ibẹ̀ ni ilé Enlil, olórí àwọn òrìṣà wọn, ọba tó bá fẹ́ káyé gba tòun á lọ síbẹ̀ lọ fi ara rẹ̀ hàn.

Kí ni wọ́n ń bá ara wọn jà sí?

Omi àti oko. Ìjà Lagash àti Umma ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn, torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìran dé ìran, kò tún sí ìjà ààlà tó lọ́jọ́ lórí jù ú lọ tí a ní ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ oko kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Gu'edena. Mesilim, ọba Kish, ti bá wọn pààlà, ó ri òkúta mọ́lẹ̀. Umma ò gbà, wọ́n wọlé. Ní nǹkan bí 2450, Eannatum ọba Lagash kó ogun jáde, ó ṣẹ́gun, ó wá ní kí Umma máa dáko lórí apá kan ilẹ̀ náà àmọ́ kí wọ́n máa san ọkà báálì. Ọkà yẹn ní èlé lórí. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè elélé rí mọ ohun tó kàn: ó pọ̀ débi tí wọn ò lè san án mọ́, bí wọn ò ṣe rí i san, wọ́n darí omi tó ń lọ sí oko Lagash, wọ́n finá sun òkúta ààlà, wọ́n fọ́ ọ. Ogun tún bẹ̀rẹ̀. Enmetena, ọmọ àbúrò Eannatum, kọ gbogbo rẹ̀ sára amọ̀ láti ìgbà Mesilim títí dé ayé tiẹ̀, bí ìgbà tí lọ́yà ń to ẹjọ́ sílẹ̀.

Òkúta tí Eannatum fi ṣàmì ìṣẹ́gun rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre nílùú Paris, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lápá kan, àwọn ọmọ ogun tò gbọọrọ, apata wọn pàdé ara wọn bí ògiri, ọ̀kọ̀ yọ jáde láàárín, òkú ọ̀tá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Lókè, igún ń gbé orí òkú fò lọ. Lódìkejì, Ningirsu di àwọ̀n mú, ọ̀tá kún inú àwọ̀n náà bí ẹja. Gbogbo èyí lórí oko àti kòtò omi.

Àwọn mẹ̀kúnnù ńkọ́? Ṣé wọn ò ráhùn ni?

Wọ́n ráhùn o. Ní nǹkan bí 2350, Urukagina gorí àlééfà ní Lagash, ó sì kọ ohun tó bá nílẹ̀. Ìgbà tí òkú bá kú, ẹni tó ń rí sí ìsìnkú máa ń gba ìkòkò ọtí 7 àti búrẹ́dì 420 lọ́wọ́ ẹbí olóòkú. Ó ní òun sọ ọ́ di ìkòkò 3 àti búrẹ́dì 80. Ó lé àwọn agbowó kúrò nídìí ọkọ̀ ojú omi àti nídìí ẹja, ó ní alágbára ò gbọdọ̀ rẹ́ opó àti ọmọ òrukàn jẹ. Mi ò lè búra pé gbogbo ẹ̀ ló ṣe, torí ọba ló ń sọ tẹnu ara rẹ̀, àmọ́ iye búrẹ́dì yẹn ò jọ ohun tí èèyàn kàn jókòó ronú kàn, ó jọ ẹ̀dùn ọkàn ẹni tó ti san án rí.

Tẹ́ńpìlì àti ààfin ní òṣìṣẹ́ tiwọn, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń hun aṣọ níbẹ̀, ọkà, òróró àti irun àgùntàn ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Nínú ìwé ìgbà tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin sábà máa ń gba nǹkan bíi líta 60 ọkà báálì lóṣù, obìnrin 30. Ẹrú wà, àwọn tí ogun kó wà, àwọn tí gbèsè sọ di ìwọ̀fà náà wà.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sin èèyàn mọ́ ọba?

Ní Ur, bẹ́ẹ̀ ni. Awalẹ̀pìtàn kan, Leonard Woolley, gbẹ́ ibẹ̀ láàárín 1922 sí 1934 ayé òde òní, ó bá ibojì 16 tó pè ní ti ọba. Nínú kòtò kan ṣoṣo, èèyàn 74 ló bá, 68 nínú wọn jẹ́ obìnrin, pẹ̀lú wúrà àti òkúta búlúù lórí. Ìlú tó ti lè mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ti kúrò ní abúlé àgbẹ̀ tipẹ́.

Báwo ni ìlú wá ṣe di ilẹ̀ ọba ńlá? Ta ni Sargon?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Lugalzagesi, ọba Umma. Òun ló parí ìjà ààlà yẹn, ó dáná sun Lagash, ó kó tẹ́ńpìlì wọn. Akọ̀wé kan ní Lagash jókòó, ó ka ibi tí wọ́n sun lẹ́sẹẹsẹ, ó wá parí rẹ̀ pé Urukagina ò ṣẹ̀, kí òrìṣà Lugalzagesi gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà kọ́ ọ lọ́rùn. Lugalzagesi bọ́ sí Uruk, ó gba gbogbo Sumer, ó ní láti òkun ìsàlẹ̀, ìyẹn Òkun Persia, dé òkun òkè, ìyẹn Mediterranean, òun lòun ni ín.

Ní nǹkan bí 2334 ni Sargon dìde láti àríwá. Ìtàn sọ pé agbọ́tí ọba Kish ni tẹ́lẹ̀. Ìtàn míì, tí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún pẹ́ ju ayé rẹ̀ lọ, ní ìyá rẹ̀ gbé e sínú agbọ̀n ìféefé tí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ dí, ó gbé e sórí odò, ọkùnrin kan tó ń pọnmi, Aqqi, ló gbé e jáde tó sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ nípa Mósè. Orúkọ rẹ̀, Sharru-kin, túmọ̀ sí pé ọba yìí ni ọba tó tọ́, mo sì máa ń rò ó pé ẹni tí adé bá lọ́wọ́ baba rẹ̀ ò ní nílò irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ó ṣẹ́gun Uruk, ó wó ògiri rẹ̀, ó mú Lugalzagesi, ó fi àjàgà sí i lọ́rùn, ó sì fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà Enlil ní Nippur. Ọrùn tí akọ̀wé Lagash ń sọ! Ó wá ja ogun 34 gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ó fọ ohun ìjà rẹ̀ nínú òkun, ó ní ọkọ̀ ojú omi láti Dilmun, Magan àti Meluhha ń gúnlẹ̀ sí èbúté Akkad, olú ìlú rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ náà. Bahrain ni Dilmun, apá Oman ni Magan, àfonífojì odò Indus ni Meluhha. Nínú gbogbo ohun tó fi yangàn, èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ni pé ó ní èèyàn 5,400 ló ń jẹun níwájú òun lójoojúmọ́. Ẹ rántí abọ́ Uruk. Àká ti ìlú kan ti di àká ẹnì kan, àwọn tó ń jẹ níbẹ̀ kò sì sí nídìí odò àfọwọ́gbẹ́ mọ́.

Báwo ló ṣe di gbogbo rẹ̀ mú?

Ajẹ́lẹ̀ ni. Ó ní ọmọ Akkad lòun fi ṣe alákòóso káàkiri títí dé òkun ìsàlẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ń wọlé. Èdè Akkad, tó bá Lárúbáwá àti Hébérù tan, wọ inú ìwé ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Sumer tí kò bá èdè kankan tí a mọ̀ tan. Nígbà tó yá, wọ́n fi òṣùwọ̀n ọkà Akkad ṣe òṣùwọ̀n ìjọba, torí ẹni tó bá fẹ́ gba ọkà lọ́wọ́ ogún ìlú ò lè máa lo igbá ogún.

Ó tún fi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Enheduanna, ṣe àwòrò Nanna ní Ur. Obìnrin yìí kọ orin ìyìn tó fi orúkọ ara rẹ̀ sínú ẹ̀, òun sì ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ láyé tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀tẹ̀ kan ṣẹlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lugal-Ane lé e kúrò nípò, ó sì kọ ọ́ sínú orin náà bó ṣe di ẹni tí wọ́n lé jáde, tó ń bẹ Inanna pé kó dìde. Òkúta roboto tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí, Woolley rí i ní Ur lọ́dún 1927 ayé òde òní. Tẹ́ ẹ bá rántí orúkọ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tiẹ̀.

Ṣé wọ́n fara mọ́ ọn?

Rárá o. Ikú ọba kọ̀ọ̀kan, ọ̀tẹ̀ ni. Nígbà ayé Naram-Sin, ọmọ ọmọ Sargon, Kish àti Uruk yan ọba tiwọn, ìlú púpọ̀ tẹ̀ lé wọn, ó ní òun ja ogun 9 láàárín ọdún kan òun sì borí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló di òrìṣà. Lára ère bàbà kan tí wọ́n rí ní Bassetki, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ará Akkad tọrọ lọ́wọ́ àwọn òrìṣà pé kó di òrìṣà ìlú àwọn, wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì fún un. Ṣáájú rẹ̀, òrìṣà ló ni ìlú, ọba ń bá a mójú tó o. Látìgbà tirẹ̀, ọba lè jẹ́ òrìṣà fúnra rẹ̀.

Kí ló wá bà á jẹ́?

Nǹkan pọ̀. Ọ̀tẹ̀ ò dáwọ́ dúró, àwọn Guti ń ti orí òkè wá jà wọ́n lólè, ní nǹkan bí 2200 sì ni ọ̀dá ńlá dá ní apá yẹn, ìlú Tell Leilan ní Síríà tó ń fi ọkà ránṣẹ́ dá páro. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọ̀dá yẹn ṣe lágbára tó nínú ọ̀rọ̀ náà. Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ ọba tó ń bọ́ ogun tirẹ̀ látinú àká ẹlòmíì ò lè ye ọdún tí àká yẹn bá gbófo. Nígbà tí Shar-kali-sharri, ọmọ Naram-Sin, kú, ìwé tí wọ́n to orúkọ ọba sí béèrè pé: "Ta ni ọba? Ta ni kì í ṣe ọba?" Ìlú Akkad fúnra rẹ̀, títí dòní wọn ò tíì rí ibi tó wà.

Ṣé Sumer kú síbẹ̀ ni?

Ó tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní nǹkan bí 2112, Ur-Nammu jọba ní Ur, òun ló bẹ̀rẹ̀ ilé gíga onípele tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán, òun àti ọmọ rẹ̀ Shulgi sì ni wọ́n ń ka òfin tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tó wà lọ́wọ́ wa sí. Òfin yẹn ní tí ọkùnrin kan bá fọ́ ojú ẹnìkejì, kó wọn fàdákà ìdajì mina, òṣùwọ̀n wọn, fún un, wọn ò ní kí wọ́n fọ́ ojú tiẹ̀ náà. Ìwé wọn pọ̀ kọjá àlà, wàláà tí ó lé ní 100,000 láti ìgbà yẹn nìkan. Ìlú kan wà tí wọ́n dìídì kọ́ fún kíka ẹran, Puzrish-Dagan, gbogbo àgùntàn tó wọlé àti èyí tó jáde ló wà nínú ìwé. Síbẹ̀, lábẹ́ Ibbi-Sin, ọba tó jẹ kẹ́yìn nínú ìdílé wọn, ọkà wọ́n gógó, àwọn ajẹ́lẹ̀ dáwọ́ ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ dúró. Lẹ́tà tí àwọn akọ̀wé dà kọ lẹ́yìn náà sọ pé ó rán Ishbi-Erra, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, lọ ra ọkà, onítọ̀hún ra ọkà náà, ó kó o pa mọ́ sí Isin, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọba níbẹ̀. Ní 2004, àwọn ará Elam, ilẹ̀ kan tó wà ní Ìráànì òde òní, wọ Ur, wọ́n mú Ibbi-Sin lọ, kò padà wá mọ́.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Íjíbítì àti Íńdíà?

Ó yàtọ̀. Íjíbítì di ìjọba kan ṣoṣo ní nǹkan bí 3100, ìgbà ọba Narmer, wọn ò lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ìlú olómìnira. Létí Indus, Mohenjo-daro àti Harappa gbilẹ̀ láti 2600 sí 1900, ojú gọ́tà wọn dára ju ti Sumer lọ, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ, kò sì sí ilé tí a lè nàka sí pé ààfin ọba rèé. Torí náà ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé odò ńlá máa ń bí irú ọba kan náà níbi gbogbo.

Ṣé ibẹ̀ ni Yorùbá ti wá? Wọ́n ní Lámúrúdu ni Nímúródù.

Àwọn àgbà ti ń sọ ìtàn Lámúrúdu tipẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1921 ayé òde òní, náà so orúkọ yẹn mọ́ Nímúródù, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò gbà pé Mẹ́kà la ti wá. Ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ni mo máa ń tẹ̀ lé. Ní Ìwó Elérú, ní tòsí Àkúrẹ́, wọ́n hú egungun èèyàn tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 11,000 ọdún, ìyẹn ni pé èèyàn ti ń gbé ilẹ̀ wa kí Uruk tó ní ògiri. Èdè wa ò bá ti Akkad tan, kò bá ti Sumer tan. Láti ìgbà Sargon sí ìgbà tí Ifẹ̀ ń rọ idẹ lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ Ifẹ̀ ò nílò Nímúródù kó tó níyì, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan rò pé ó nílò rẹ̀.

Ibo ni mo ti lè fojú rí àwọn nǹkan yìí?

Louvre, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, Penn Museum ní Philadelphia, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ìráàkì ní Baghdad. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rí, Baghdad ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ lọ wo ìkòkò òkúta funfun tí wọ́n hú ní Uruk, ó ga tó nǹkan bíi mítà kan, ó ti lé ní 5,000 ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003 ayé òde òní, nígbà ogun, àwọn olè fà á tu kúrò lórí ìdúró rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, àwọn ọkùnrin kan gbé e padà wá nínú búùtù mọ́tò, ó ti fọ́. Wọ́n tún un tò. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìlà tó ń wé bí ìgbì omi ló kọ́kọ́ wà, ọkà tó ń hù lórí omi ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àgùntàn tó tò sọ́nà, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin oníhòòhò tó gbé agbọ̀n àti ìkòkò oúnjẹ lọ́wọ́, lókè pátápátá Inanna dúró, wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ wá fún un. Ẹnì kan tún wà lókè yẹn níwájú àwọn ọkùnrin náà, tí aṣọ rẹ̀ gùn tí ìránṣẹ́ sì ń bá a gbé etí ìgbànú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà ti fọ́ dànù.